BÍ ỌWỌ́ BÁ DILẸ̀: Abẹ́ Rẹ̀ Ni Wọ́n Mọ̀

Ẹ mọ̀ pé ojú ewé yìí ni a ti máa ń sọ ohun tí èèyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nígbà tí ìdánwò bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, tí owó kò sì sí lápò láti fi ṣe fàájì nígboro. Lọ́tẹ̀ yìí, ọkọ̀ òfurufú ni a kọ́. Kí ó má ṣe yà yín lẹ́nu jù. Gbogbo gígùn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdajì rúlà ọmọ iléèwé lọ.

Àwa mẹ́ta tí a jọ ń gbé nítòsí Goresbrook Park ní Dagenham ni a dáwó jọ ra páálí kan tí wọ́n kó ègé ike sí. MiG-17 ló wà nínú rẹ̀, jẹ́ẹ̀tì ogun tí àwọn ará Soviet kọ́kọ́ fi fò ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1950. Ìwọ̀n 1/72 ni tiwa: ohun tó bá gùn ní ẹsẹ̀ bàtà méjìléláàádọ́rin lára ojúlówó, ẹsẹ̀ bàtà kan ni yóò jẹ́ lára tiwa. Spitfire àti Meteor kún ọjà bí ẹní kún erùpẹ̀, ṣùgbọ́n MiG ni a yàn, nítorí ó wà nínú àwọn jẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọmọ-ogun òfurufú Nàìjíríà fi ja ogun abẹ́lé, láti 1967 títí di 1970.

Ìtàn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nìkan tó ẹ̀rín í rín. Ní 1946, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà kí Rolls-Royce ta ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní Nene fún ìjọba Soviet. Àwọn yẹn tú u palẹ̀, wọ́n ṣe irú rẹ̀, wọ́n sì ń tún un ṣe títí ó fi di VK-1, èyí tí irú rẹ̀ wà nínú MiG-17. Nígbà tí ogun wa bẹ́ ní 1967, tí Nàìjíríà ní kí Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ta ọkọ̀ òfurufú ogun fún òun, àwọn méjèèjì kọ̀. Moscow ló gbà, àwọn MiG sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé sí Kano ní oṣù kẹjọ ọdún náà. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ láti tà lójúde, ó ti gba ẹ̀yìnkùlé tà á ní ogún ọdún ṣáájú.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí tábìlì. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú èyí, abẹ fẹ́lẹ́, sánpépà tó kúnná, gúlù àti sùúrù ni yóò wá. Fi abẹ gé ègé kọ̀ọ̀kan kúrò lára igi ike tó so wọ́n pọ̀. Má ṣe fi ọwọ́ já a. Kọ́kọ́ kun ibùjókòó awakọ̀ ní ọ̀dà kí o tó lẹ apá ọ̀tún mọ́ apá òsì, nítorí bí o bá ti pa ikùn ọkọ̀ dé, ọwọ́ kò tún lè débẹ̀ mọ́. Orí ìyẹ́ apá kọ̀ọ̀kan ní ògiri tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta tó ń darí afẹ́fẹ́. Ibẹ̀ ni a fi ń mọ MiG-17 yàtọ̀ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, MiG-15, tó ní méjì péré. A lo ìrọ̀lẹ́ méjì gbáko lórí ògiri mẹ́fà yìí kí wọ́n lè dúró ṣánṣán. A kùn ún ní àwọ̀ fàdákà. A rẹ bébà alámì sínú omi, a sì lẹ àmì róbótó aláwọ̀ ewé àti funfun ti ilẹ̀ wa mọ́ orí ìyẹ́ apá. Inú wa dùn.

Àmọ́ a gbàgbé òjé. Ìtọ́sọ́nà inú páálí sọ pé kí a fi òjé sí imú ọkọ̀ kí a tó pa á dé, a fojú fò ó. Nígbà tí a gbé ọkọ̀ lé táyà mẹ́ta rẹ̀, ìdí ló fi jókòó, ó gbé imú sókè bí ajá tó ń retí egungun. A fi ìwé kékeré kan tì í lẹ́yìn. A ní kò burú, ẹni tó bá wò ó láti òkè kò ní mọ̀.

Bàbá kan wà ní òdìkejì títì wa, ọmọ Ìgbò ni wọ́n. Wọ́n gbọ́ Yorùbá ju ẹlòmíràn nínú wa lọ, nítorí Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n ti dàgbà lẹ́yìn ogun. Ní ọjọ́ Àìkú kan, wọ́n yà sọ́dọ̀ wa. Ọ̀kan nínú wa sáré gbé MiG jáde láìronú. Bàbá gbà á, wọn kò wo òkè rẹ̀ rárá. Wọ́n yí i dànù, wọ́n gbé e sókè kọjá orí, wọ́n sì ń wo abẹ́ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ bí abẹ́ náà ṣe rí. Gúlù ti ṣàn síbẹ̀. A kò fi sánpépà kan ojú ìsopọ̀ rẹ̀. Ẹnu ìbọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dí pa bí igi ìṣáná. A kò tilẹ̀ kun ún dọ́gba.

Bàbá ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ibi tí mo mọ̀ lára rẹ̀ nìyí. Ẹ ò ṣe é.”

Ara wa bù máṣọ. Wọ́n jókòó, wọ́n sì sọ fún wa pé ọmọ ọdún mẹ́jọ ni àwọn ní 1968, ní abúlé kan lẹ́yìn Umuahia. Wọ́n ní aṣọ funfun kò ṣeé sá sóde, imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi ń bo òrùlé páànù, àti pé bí ìró bá ti bẹ̀rẹ̀, ìyá wọn á ti àwọn ọmọ sínú kòtò, á sì dùbúlẹ̀ lé wọn lórí. Láti abẹ́ apá ìyá wọn ni wọ́n ti ń yọjú wo òkè. Wọn kò mọ orúkọ ọkọ̀ náà, wọn kò mọ ẹni tó ń wà á. Abẹ́ rẹ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí mú wa rántí ìyá òyìnbó tó ń gbé ilé kejì sí wa, tó dàgbà sí Dagenham níbí. Ó ti sọ fún wa rí nípa V-1, bọ́ǹbù abìyẹ́ ti Jámánì, tó ń fi ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì fò láìsí awakọ̀. Àkọ́kọ́ tó pa èèyàn ní Lọ́ńdọ̀nù bọ́ sí Bow ní ọjọ́ 13 oṣù kẹfà ọdún 1944, èèyàn mẹ́fà ló kú. Bow kò sì jìnnà sí wa níbí. Láti oṣù keje ọdún náà ni Meteor, jẹ́ẹ̀tì ogun àkọ́kọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, ti ń gbéra ní Manston láti lé wọn. Meteor yìí ni gbogbo ọmọdé ilẹ̀ yìí ń kọ́. Ìyá náà kò rí Meteor kankan rí nígbà ogun. Ìró V-1 ni ó mọ̀, tó ń pariwo bí alùpùpù. Ó ní ariwo yẹn kọ́ ló ń dẹ́rù bani bí kò ṣe ìgbà tí ó bá dákẹ́, nítorí ìgbà náà ni ó ń já bọ̀.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Àwa tí à ń kọ́ nǹkan wọ̀nyí lórí tábìlì, òkè ni a ti ń wo ọkọ̀, bí ẹni tó rán an níṣẹ́. Àwọn tí a rán an sí, ìsàlẹ̀ ni wọ́n wà.

Ìjà dé láàárín wa ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ẹnì kan ní kí a gbé e jù sínú ìdọ̀tí. Ẹnì kejì ní ogun ni ogun ń jẹ́, ó ní àwọn ọmọ-ogun Biafra náà wọ Ore ní oṣù kẹjọ 1967, àwọn náà sì ní ọkọ̀ òfurufú tiwọn. Òótọ́ ni. Ẹnì kẹta ṣí ìwé, ó ka ohun tí àwọn oníròyìn Gẹ̀ẹ́sì kọ ní 1969 nípa bọ́ǹbù tí ọkọ̀ ìjọba àpapọ̀ ń jù sí ọjà àti ilé ìwòsàn. Ó ka ti ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún kan náà, nígbà tí MiG-17 wa yìn ọkọ̀ Red Cross tó ń lọ sí Biafra lulẹ̀, tí àwọn tó wà nínú rẹ̀ kú. Èyí náà, òótọ́ ni. A pinnu pé a óò parí abẹ́ rẹ̀.

A fi sánpépà kan ojú ìsopọ̀ títí ó fi dán. A gé orí abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gúnni, a fi ṣe ẹnu ìbọn: ńlá kan ní ọ̀tún, kékeré méjì ní òsì, bí ó ṣe rí gan-an. A tún ìyẹ́ kékeré abẹ́ ìrù lẹ̀. Bọ́ǹbù ló kù. Ẹnì kan nínú wa ní a kì í fi ikú ṣe ọ̀ṣọ́, kí a fi àgbá epo síbẹ̀. Nígbà tí a kò rí i yanjú, a kọjá sí òdìkejì títì, a bi Bàbá.

Wọ́n ní, “Bí kò bá sí bọ́ǹbù, kí wá ni ìyá mi ń sá fún?”

A fi igi ike tó ṣẹ́kù gbẹ́ bọ́ǹbù méjì, a fi wọ́n kọ́ abẹ́ ìyẹ́ apá. A yọ táyà, a pa ilẹ̀kùn wọn dé, a sì fi okùn ìpẹja so ọkọ̀ náà mọ́ àjà yàrá ìjókòó. Kò nílò òjé mọ́. Ẹni tó bá wọlé wa yóò gbé ojú sókè kí ó tó rí i, abẹ́ rẹ̀ ni yóò sì rí. Bàbá wá wò ó. Wọn kò yìn wá, wọn kò bú wa. Wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n ní kí a bu omi fún àwọn mu.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ kọ́ tiyín, ìmọ̀ràn wa kò pọ̀. Ẹ má gbàgbé òjé, ẹ má fi gúlù ṣòfò. Kí ẹ tó sọ pé ó ti parí, ẹ gbé e kọjá orí yín, kí ẹ sì wò ó láti ìsàlẹ̀.