Ẹ̀mí Bhopal Kò Kéré sí ti Amẹ́ríkà
Nígbà kan, iléeṣẹ́ Union Carbide máa ń ṣe methyl isocyanate, kẹ́míkà kan tí gáàsì rẹ̀ ní oró, ní Institute, ní Amẹ́ríkà, àti ní Bhopal, ní Íńdíà. Kọ̀ǹpútà ń bá wọn ṣọ́ iṣẹ́ ní Institute. Ní Bhopal, ojú tó ń ta àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ pé gáàsì ń jò. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1984, gáàsì yìí pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn níbẹ̀. Ìyà ńlá gbáà ni! Ohun tí iléeṣẹ́ bá fi ń ṣọ́ táǹkì rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, dandan ni kó fi ṣọ́ ti gbogbo ẹ̀ka rẹ̀. Kí wọ́n sì dán an wò lórí gbogbo kẹ́míkà tó wà níbẹ̀, torí nígbà tí kẹ́míkà mìíràn tó ń jẹ́ aldicarb oxime jò ní Institute lọ́dún 1985, wọn ò tíì ṣètò kọ̀ǹpútà ibẹ̀ láti dá a mọ̀.