Ọgbà Nábótì àti Ilẹ̀ Ìpakà Aráúnà: Nígbà tí Ìjọba Bá Gba Ilẹ̀ Onílẹ̀

Nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá fi ọ̀dà pupa kọ àmì sára ilé kan, ẹni tó ni ín kì í sábà mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lábẹ́ òfin. Ọ̀dọ̀ àlùfáà ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń kọ́kọ́ sáré lọ. Nítorí náà, ó yẹ kí ìjọ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti rí.

Ìwé Mímọ́ fi ọba méjì hàn wá. Áhábù fẹ́ gba ọgbà àjàrà Nábótì kí ó lè fi ṣe ọgbà ewébẹ̀ fún ara rẹ̀ (1 Ọba 21). Nígbà tí Nábótì kọ̀ láti ta ogún bàbá rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ta sílẹ̀. Dáfídì pẹ̀lú nílò ilẹ̀ ìpakà Aráúnà láti tẹ́ pẹpẹ, kí àjàkálẹ̀ àrùn lè dúró (2 Sámúẹ́lì 24). Aráúnà fẹ́ fi í tọrẹ. Dáfídì kọ̀, ó san 50 ṣékélì fàdákà. Ire gbogbo ìlú ni ó ń wá, síbẹ̀ ó sanwó. Ìbéèrè méjì ni èyí fi síwájú wa: ta ni yóò jẹ àǹfààní ilẹ̀ náà, kí sì ni onílẹ̀ yóò gbà?

Àwọn baba wa ti gbé ìbéèrè kejì dé ilé ẹjọ́ rí. Ní ọdún 1913, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ ní Àpápá lọ́wọ́ ìdílé Olúwa. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ Olóyè Amodu Tijani Olúwa kò ju gbígba ìṣákọ́lẹ̀ lọ, nítorí náà owó ìyẹn nìkan ni àwọn yóò san. Olóyè náà pe ẹjọ́ dé Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1921, ìgbìmọ̀ ọba tí ń dá ẹjọ́ ìkẹyìn fún wa nígbà náà ní àwọn ènìyàn rẹ̀ ló ni ilẹ̀ náà pátápátá, kí ìjọba sì sanwó bí ẹni tí ń gba odindi ilẹ̀.

Nígbà tó di oṣù Kẹta ọdún 1978, ìjọba ológun gbé Òfin Ìlò Ilẹ̀ jáde. Ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà fún àǹfààní gbogbo ará ìlú. Apá 28 fún un lágbára láti gba ilẹ̀ padà fún ire ìlú. Owó gbà-máà-bínú inú Apá 29 kò ju iye ilé àti irè oko lọ, pẹ̀lú owó ilẹ̀ tí onílẹ̀ bá san fún ìjọba lọ́dún náà. Àgbẹ̀ a gba owó igi kòkó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ó fi sílẹ̀ kí ó sinmi, tí ó fẹ́ fi jogún fún ọmọ, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ níye lórí lójú òfin. Ohun tí ilé ẹjọ́ àjèjì dá padà fún wa ní 1921, òfin tí a fọwọ́ ara wa ṣe ló gbà á.

Síbẹ̀, agbára gómìnà ní ààlà. Ní ọdún 1991, nínú ẹjọ́ Osho àti Foreign Finance Corporation, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà fi hàn pé gbígba ilẹ̀ ẹnì kan láti gbé e fún aládàáni mìíràn kì í ṣe ire ìlú. Apá 47 Òfin Ìlò Ilẹ̀ fẹ́ dí ilé ẹjọ́ lọ́wọ́ láti yẹ iye owó náà wò. Ṣùgbọ́n Apá 44 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ní kí a san án láìjáfara, kí onílẹ̀ sì lè pe ẹjọ́ lórí iye rẹ̀.

Ẹ̀yin àlùfáà, ẹ gba àwọn ọmọ ìjọ níyànjú láti tọ́jú ìwé ilẹ̀ wọn, láti ka igi oko wọn sínú ìwé, kí wọ́n sì tètè tọ agbẹjọ́rò lọ. Kí àwa náà sì yẹ ara wa wò, nítorí ìjọ pẹ̀lú a máa tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba. Kí a tó fi ìpìlẹ̀ ilé ìsìn lélẹ̀, ẹ jẹ́ kí a béèrè ẹni tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, àti bóyá wọ́n ti sanwó fún un. Orí ilẹ̀ ìpakà yẹn, tí Dáfídì sanwó rẹ̀, ni Sólómọ́nì kọ́ tẹ́ńpìlì sí (2 Kíróníkà 3).

Kí Olúwa fi ìdájọ́ òdodo fún àwọn tí ń ṣàkóso wa. Àmín.