Ilé Àwòrán Abẹ́ Ilẹ̀: Màmá, Ẹ Má Lé Ọmọ Yín Síta

 

Lẹ́tà kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ màmá kan tó ń ta ẹja yíyan ní ọjà Agboju. Ilé tí ọkọ wọn fi sílẹ̀ sáyé ní Festac ni wọ́n ń gbé. Ọmọ wọn ọkùnrin, tó kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé, ló ní òun fẹ́ gbẹ́ ẹ̀yìnkùlé, kí òun kọ́ yàrá ńlá sábẹ́ ilẹ̀, kí òun ya àwòrán sí ògiri rẹ̀ àti àjà rẹ̀, káwọn èèyàn máa sanwó wá wò ó. Owó àjọ màmá ló fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Màmá wá bi mí pé: "Ṣé orí ọmọ mi pé báyìí? Àbí ilé awo ló fẹ́ kọ́ sí mi lọ́rùn?"

Ẹ fara balẹ̀, màmá. Orí ọmọ yín pé. Ibi tó fẹ́ gbẹ́ ni kò dáa.

Ohun tó ń rò kì í ṣe tuntun. Ní ìlú Lalibela, ní Ethiopia, ṣọ́ọ̀ṣì 11 wà tí wọn ò fi búlọ́ọ̀kù kọ́. Inú àpáta ni wọ́n gbẹ́ wọn sí, láti òkè lọ sísàlẹ̀, ó ti lé ní 700 ọdún sẹ́yìn. Wọ́n ya àwòrán sára àjà àti ògiri èyí tí wọ́n ń pè ní Bet Maryam, débi pé èèyàn ò lè mọ ibi tí ilé parí sí tí àwòrán ti bẹ̀rẹ̀.

Nílé wa níbí ńkọ́? Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn obìnrin tí wọ́n ń pè ní Akúnyungbà ló ń fi ọ̀dà ṣe ògiri ojúbọ Olúorogbo lọ́ṣọ̀ọ́. Obìnrin o, kì í ṣe ọkùnrin! Ní Òṣogbo, bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí kó tó di gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà. Sìmẹ́ǹtì yìí náà ló fi ṣe ọnà sí igbó Ọ̀ṣun, òun àti Susanne Wenger. Lọ́dún 2005 ni àjọ UNESCO kọ orúkọ igbó náà mọ́ àwọn ibi pàtàkì àgbáyé. Ẹ̀yin bíríkìlà, ẹ má fojú kéré ọwọ́ yín.

Festac fúnra rẹ̀ ńkọ́? Nítorí ọnà ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Àwọn òṣèré tó wá fún àjọ̀dún àwọn aláwọ̀ dúdú, láti January 15 sí February 12, 1977, ni wọ́n kọ́ ọ fún, kí ìjọba tó ṣẹ́ gègé pín ilé fáráàlú. Erhabor Emokpae ló ya àmì àjọ̀dún náà, láti ara ère ojú Ìdíà ti Bìní, tí wọ́n fi eyín erin gbẹ́. Ère náà wà lọ́wọ́ àwọn Òyìnbó ní British Museum, a yá a, wọn ò yá wa. Ọmọ tó dàgbà ní Festac tó ní òun fẹ́ ṣọnà, kò ṣìnà.

Ṣùgbọ́n Festac kì í ṣe àpáta. Àbàtà ló pọ̀ lágbègbè Amuwo-Odofin. Ẹni tó bá ti gbẹ́ kòtò níbẹ̀ lásìkò òjò mọ̀ pé omi ò jìnnà. Omi á máa ti ògiri, ọ̀dà á máa ṣí, èéhù á bo àwòrán. Èyí tó tún burú jù ni pé béèyàn bá gbẹ́ ilẹ̀ súnmọ́ ìpìlẹ̀, odindi ilé lè wó lé yín lórí. Bẹ́ẹ̀ ìyẹn ò tíì kan àṣẹ Federal Housing Authority àti ti ìjọba ìpínlẹ̀ o.

Nítorí náà, ẹ má da owó àjọ sínú kòtò. Bó bá gba àṣẹ, kó kọ́ yàrá kékeré sórí ilẹ̀. Kó má fi fèrèsé sí ẹ̀gbẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ máa gba òkè wọlé. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ á rò pé abẹ́ ilẹ̀ lòun wà.

Ṣùgbọ́n kó tó dé bẹ̀, ẹ fún un lówó ọ̀dà, kó kọ́kọ́ kun ìsọ̀ ẹja yín ní Agboju. Bí oníbàárà bá ń dúró wò ó, ẹ kọ̀wé sí mi, ká wá sọ̀rọ̀ owó àjọ.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.