Ìwé Tó Gbó Lè Má Jẹ́ Àtẹ̀jáde Àkọ́kọ́

Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ojú lásán kò lè mọ ọjọ́ orí ìwé. Òjò Òkìtìpupa pọ̀, ọ̀rinrin kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò nínú yàrá, ikán ò sì dá bébà sí. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní 1985 lè ti pupa rúsúrúsú, kó sì ti bu, nígbà tí ti 1950 tó wà nínú àpótí gbígbẹ ṣì ń dán. Nítorí náà, ẹni tó bá jogún àpótí ìwé kò gbọdọ̀ fi àwọ̀ bébà dájọ́, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí oníṣòwò fi dájọ́ fún un. Inú ìwé ni ẹ̀rí wà.

Ẹ wo Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ, ọmọ Òkè-Igbó ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí. Ilé ìtẹ̀wé CMS ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1938, kó tó bọ́ sọ́wọ́ Nelson. Ẹ̀dà tó bá ní orúkọ Nelson lára, bó ti wù kó gbó tó, kì í ṣe àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ Nelson yìí kan náà ló kọ́kọ́ tẹ Àdììtú Olódùmarè ní 1961: orúkọ tó já ẹ̀dà kan lulẹ̀ ló ń gbè sẹ́yìn òmíràn. Ìwé Amos Tutùọlá náà ní tirẹ̀. Faber gbé The Palm-Wine Drinkard jáde ní London ní 1952, Grove Press sì tẹ ẹ́ ní Amẹ́ríkà ní 1953. Àkọ́kọ́ ti Amẹ́ríkà kì í ṣe àkọ́kọ́ pátápátá. Ibi tí àṣìṣe ti pọ̀ jù ni ojú ewé tó wà lẹ́yìn àkọlé. Ọdún tó wà lókè ni ọ̀pọ̀ ń kà tí inú wọn fi ń dùn, tí wọn ò sì wo àwọn ọdún àtúntẹ̀ tó tò sábẹ́ rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn ni ti ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ wọn. Bí ojú ewé yẹn bá ti ya, ká wo iye owó ara èèpo. Oṣù kìíní 1973 ni náírà dé, nítorí náà èèpo tí wọ́n tẹ ṣílè sí ti wà ṣáájú ìgbà náà. (Òǹtẹ̀ tí ilé ìtàwé lù sórí rẹ̀ kò kà, ọjọ́ títà nìyẹn ń sọ.) Àkọtọ́ náà ń sọ̀rọ̀: “aiye”, “enia” àti “nwọn” ṣáájú àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974. Ṣùgbọ́n àtúntẹ̀ lè di àkọtọ́ àtijọ́ mú, nítorí náà ẹ̀rí kan ṣoṣo kò tó dá ẹjọ́.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kan náà ni, kí la fẹ́ fi àkọ́kọ́ ṣe? Kì í fìgbà gbogbo jẹ́ kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí òǹkọ̀wé ṣe kọ gbólóhùn rẹ̀ kí olóòtú tó tún un kọ, ẹ̀dà ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ló lè bi. Àwọn mìíràn á ní òkè òkun ni owó rẹ̀ wà. Òótọ́ ni, ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí àìmọ̀ wa fi ń ná wa ní nǹkan: àwọn tó ń rà mọ ohun tí wọ́n ń rà. Kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ ní Òkìtìpupa tó kó ìwé ògbólógbòó dànù, kí olùkọ́ kan kọ́kọ́ ṣí wọn wò níkọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n má sì gbé e fún ẹni tó ń di ìwé kó bọ́ èèpo rẹ̀ kó lẹ tuntun mọ́ ọn, nítorí lára èèpo yẹn ni iye owó wà.