Ẹ Dá Wákàtí Orin Padà fún Àwọn Ọmọ Wa

Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ àwa olùkọ́ lọ́kàn, a ò sì ní í fi sábẹ́ ahọ́n sọ.

Nínú ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Benin, ẹ̀ka mẹ́fà ni ìjọba là sílẹ̀: Faransé, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ, eré ìdárayá, àti éducation artistique. Abẹ́ èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni orin wà. Ó wà lórí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri kíláàsì. Ṣùgbọ́n ẹ pe ọmọ yín tó wà ní CM2, kí ẹ bi í pé: orin mélòó lẹ kọ́ lọ́dún yìí? Èwo lẹ kọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá? Kí ẹ wá wo ojú rẹ̀.

Wákàtí orin ti di àpò tí gbogbo èèyàn ń ki ọwọ́ bọ̀. Bí ìṣirò kò bá parí, ibẹ̀ ni wọ́n ń parí rẹ̀ sí. Bí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ bá fẹ́ ṣèpàdé, ibẹ̀ ló ń bọ́ sí. Bí CEP bá sì ti ń sún mọ́lé, orin ni wọ́n ń kọ́kọ́ pa. Níbi tí wọn ò ti pa á pátápátá, olùkọ́ á kàn dìde nígbà tó bá ku díẹ̀ kí agogo lù, á ní: "Ẹ kọrin!" Àwọn ọmọ á wá bẹ̀rẹ̀ orin kan náà tí wọ́n ti ń kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, orin yìnyín àti igi ilẹ̀ òtútù, tí ẹnikẹ́ni ò rí rí láti Ìdígnì títí dé Ṣábẹ̀ẹ́.

Ẹ má ṣì wá gbọ́. A ò bínú sí Faransé. Inú rẹ̀ la ti kàwé, òun la fi ń jẹun. L'Aube Nouvelle, orin orílẹ̀-èdè wa, dandan ni kí ọmọ mọ̀ ọ́n, kó sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé ilé tí orin pọ̀ sí tó báyìí kò yẹ kó lọ máa tọrọ orin lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Lọ́dún 2001, àjọ UNESCO kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé pé ohun iyebíye ni, nígbà tó di 2008 wọ́n kọ ọ́ sínú àkójọ ogún ìran ènìyàn, lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò. Kétu ni ọ̀pọ̀ àwọn àgbà ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí orísun rẹ̀. Lóru Ẹ̀fẹ̀, akọrin á dúró níwájú ìlú, á yin ẹni tó yẹ kó yìn, á sì bá ẹni tó ṣe àṣìṣe wí, kò sí ẹni tó tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní í gbọ́. Gbogbo ayé mọ̀ pé a ní i. Ọmọ CE2 tó ń gbé ìyànníkejì pápá ijó náà ńkọ́? Kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìyá ìlù àti ọmọ ìlù. Ta ló kọ́ ọ?

A mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá. Ẹ̀yin àgbà rántí ohun tí wọ́n ń pè ní signal nílé-ẹ̀kọ́: ọmọ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀, wọ́n á gbé e kọ́ ọ lọ́rùn, yóò máa gbé e kiri títí yóò fi mú ẹlòmíì tó ṣẹ irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àmì náà ti kúrò lọ́rùn, ṣùgbọ́n ìtìjú tó kó bá wa ṣì wà nílẹ̀. Òfin Ìpìlẹ̀ wa ti oṣù Ọ̀pẹ̀ 1990, abala 11, fún gbogbo ẹ̀yà lẹ́tọ̀ọ́ láti lo èdè wọn àti láti mú àṣà wọn gbèrú. Kò sí òfin kankan tó ní kí olùkọ́ má kọ́ ọmọ ní orin àlọ́. Ẹ̀rù tí kò nídìí ló ń bà wọ́n.

Orin ní iṣẹ́ míì tó ń ṣe fún èdè wa tí ìwé nìkan ò lè ṣe. Igbá la fi ń mumi, ìgbà ni àkókò, igba ni ogún lọ́nà mẹ́wàá. Ohùn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Orin Yorùbá tó dára ń gba ibi tí ohùn ọ̀rọ̀ bá gbà, nítorí náà ọmọ tó ń kọ ọ́ ń kọ́ ohùn láìmọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá lé ohùn orin òyìnbó, igbá lè di igba lẹ́nu ọmọ. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì l'Ékòó ti rí wàhálà yìí ṣáájú wa nínú orin ìsìn tí wọ́n túmọ̀, débi pé Ekundayo Phillips, tó ń tẹ dùùrù ní kàtídírà ibẹ̀, tẹ ìwé kan jáde lórí orin Yorùbá lọ́dún 1953. Ohun tí àwọn àgbà olórin fi ọdún gbọọrọ wò, a ò gbọ́dọ̀ fi ṣeré níwájú ọmọ.

Wọ́n á ní kò sí àyè. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ kan ti tó, bí a bá ṣètò rẹ̀. Ká ní ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni trimestre kan, orin márùn-ún péré la nílò, ọ̀sẹ̀ méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí àkọ́kọ́ jẹ́ orin àlọ́ ìjàpá, nítorí ègbè rẹ̀ kò le. Kí èkejì jẹ́ orin eré òṣùpá tí a fi ń ka nǹkan. Kí ẹ̀kẹta jẹ́ orin tí a fi ń rẹ ọmọ, ẹ̀kẹrin orin iṣẹ́ oko tàbí ti odó. Kí ẹ̀karùn-ún wá láti inú èdè míì tó wà nínú kíláàsì: Gun, Fon, Mahi tàbí Bàrìbá, kí ọmọ tó ni ín sì jẹ́ olùkọ́ lọ́jọ́ náà.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ orin kọ̀ọ̀kan, kí olùkọ́ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n kàn gbọ́, lẹ́yìn náà kí ó máa lé e ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan kí wọ́n máa gbè é. Lọ́sẹ̀ kejì, ìdajì kíláàsì á máa pàtẹ́wọ́, ìdajì á máa kọrin, kí wọ́n tó pààrọ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó kẹ́yìn, kí wọ́n sọ ohun tí ọ̀rọ̀ orin náà túmọ̀ sí. Ọmọ CM lè kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Ohun èlò ńkọ́? Igi méjì, agolo tí a da òkúta wẹ́wẹ́ sí, igbá tí a dojú rẹ̀ dé. Kò sí èyí tí ìjọba máa fowó rà nínú wọn.

Àwọn òbí kan ń sọ pé orin kì í bọ́ ọmọ. Ẹ bi àwọn ìdílé Àyàn bóyá ìlù kò bọ́ wọn rí. Ẹ bi Angélique Kidjo, ọmọ Benin tó ń kọrin ní Fon àti ní Yorùbá káàkiri ayé, bóyá orin kò bọ́ ọ. Àti pé kì í ṣe torí kí gbogbo ọmọ di olórin la ṣe ń kọ́ wọn, gan-an bí kì í ṣe gbogbo ẹni tó kọ́ ìṣirò ló di oníṣirò.

Àwọn míì ń bẹ̀rù pé orin ìbílẹ̀ yóò mú ọmọ wọ inú òrìṣà. Orin tí ìyá fi ń rẹ ọmọ kì í ṣe ìbọ. Èyí tó bá jẹ́ ti awo, kí ó wà lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, a ò bèèrè rẹ̀. Ohun tí a ń bèèrè ni tìta gbangba, èyí tí ìyá àgbà onímàle, ti kátólíìkì àti ti onígẹ̀lẹ̀dẹ́ jọ mọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, nígbà ìpàdé òbí tó ń bọ̀, ẹ dìde, kí ẹ bi olùkọ́ pé: ọjọ́ wo ni ọjọ́ orin, àwọn orin wo lẹ sì kọ sílẹ̀ fún trimestre yìí? Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, bí ẹ ti ń kọ fiche fún ìṣirò, ẹ kọ ọ́ fún orin. Bí ẹ ò bá mọ orin, ìyá àgbà kan wà lẹ́bàá ilé-ẹ̀kọ́ yín tó mọ ọ́n. Ẹ gbé àga fún wọn nínú kíláàsì lọ́sẹ̀ yìí, nítorí pé àwọn ìyá náà ń dàgbà, wọn ò sì ní í dúró dè wá.