Agbẹ́jọ́ Ẹnìkan Dá

Yorùbá ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá ni àgbà òṣìkà. Bí ẹni tí ó gbọ́ ẹnu ẹnìkan ṣoṣo kí ó tó dájọ́ bá jẹ́ òṣìkà, orúkọ wo ni kí á wá pe ẹni tí kò gbọ́ ẹnu ẹnikẹ́ni rárá, tí ó dúró sí ẹ̀bá títì, tí ó sì fi ìbọn dájọ́?

Mo bi ìbéèrè yìí nítorí ọ̀rọ̀ kan tí àwa àgbà nílẹ̀ Ìkálẹ̀, láti Òṣòòrò títí dé Òkìtìpupa, kì í yé sọ bí a bá rántí oṣù kẹwàá ọdún 2020. A ó ní àìlẹ́kọ̀ọ́ àwọn ọ̀dọ́ ni ó fa rògbòdìyàn náà. N kò gbà.

Ní 1992 ni wọ́n dá ẹ̀ka ọlọ́pàá tí a mọ̀ sí SARS sílẹ̀ láti gbógun ti adigunjalè. Nígbà tí ó yá, irun dàdá, fóònù olówó ńlá àti kọ̀ǹpútà alágbèéká di ẹ̀rí olè lójú wọn. Àwọn ọ̀dọ́ wọ́de wọ́ọ́rọ́wọ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù náà, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá tú ẹ̀ka náà ká. Ní alẹ́ ọjọ́ 20, ṣọ́jà yìnbọn níbi ìwọ́de ní Lẹ́kì, l'Ékòó. Ìgbà náà ni iná ràn káàkiri. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà tí wọ́n fi já ọgbà ẹ̀wọ̀n Òkìtìpupa.

Kí ó má jọ pé mo ń gbè lẹ́yìn jàǹdùkú. Ẹni tí ó dáná sun dúkìá aláìṣẹ̀ ti dájọ́ láìgbẹ́jọ́. Ohun tí ó ń bínú sí gan-an ni òun náà ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ta ni ó ti kọ́ ọ? Ọ̀dọ̀ aláṣọ ìjọba ni.

Ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà, ní Minneapolis ní Amẹ́ríkà, ọlọ́pàá aláwọ̀ funfun kan, Derek Chauvin, fi orúnkún tẹ George Floyd, adúláwọ̀, lọ́rùn títí ó fi kú. Ìgboro gbiná níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ gbẹ́jọ́, ó dá Chauvin lẹ́bi, ó sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún 22 àti ààbọ̀ ní 2021. Ní ọdún yìí kan náà, ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Doris Okuwobi darí l'Ékòó jábọ̀ pé a pa ènìyàn ní Lẹ́kì. Ìjọba Àpapọ̀ ní òun kò gbà. Lọ́hùn-ún, àwọ̀ ni a fi ń ya ènìyàn sọ́tọ̀. Níhìn-ín, àwọ̀ apani àti ti ẹni tí a pa kò yàtọ̀. Aṣọ ìjọba ni ó yà wọ́n, àti ìdánilójú apani pé ẹnikẹ́ni kò ní bi òun.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́. Ṣùgbọ́n ọjà tiwa ti kún fún àgbà tí ń bá orí tí ó wọ́ wí. Bí wọ́n bá mú ọmọ kan, ẹ jẹ́ kí ọba, olùkọ́ àti òbí lọ béèrè ní àgọ́ ọlọ́pàá: kí ni ó ṣe, ilé ẹjọ́ wo ni yóò sì ti rojọ́? Ọlọ́pàá ni à ń pè é. Ọ̀pá àṣẹ sì ni ẹ̀rí pé a rán ẹni tí ó mú un lọ́wọ́. Ẹni tí a rán níṣẹ́ gbọdọ̀ jábọ̀. Bí àwa tí a rán an kò bá béèrè àbọ̀, kí á má wí pé ọmọ ni kò lẹ́kọ̀ọ́.