Ṣé kí á fi sójà rọ́pò iṣu ni?



Àbúrò mi kan wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní gbogbo oko òun ni òun fẹ́ fi gbin sójà lọ́dún yìí, kò sí iṣu, kò sí àgbàdo. Mo bi í pé, "Kí ni àwọn ọmọ yóò máa jẹ?" Ó ní owó sójà ni òun yóò fi ra iṣu. Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn.

Èmi ò sọ pé sójà ò dára o. Ìwé Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa nílé ìwé, ibẹ̀ ni mo ti mọ colza. Lọ́dọ̀ àwọn Faransé, lẹ́yìn àlìkámà ni wọ́n máa ń gbìn ín, kí irúgbìn kan náà má baà sú ilẹ̀, wọ́n sì ń fún epo lára rẹ̀. Ilẹ̀ òtútù ni colza fẹ́. Níbi tiwa, sójà ló lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn.

Ẹ fa sójà tu kó tó gbó, ẹ wo gbòǹgbò rẹ̀. Ẹ ó rí kókó kéékèèké. Àwọn kókòrò tí ojú ò lè rí ló wà nínú wọn, wọ́n ń mú azote láti inú afẹ́fẹ́ fún irúgbìn náà. Ìdí nìyẹn tí àgbàdo tó tẹ̀ lé sójà fi máa ń ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ nínú azote yẹn, inú èso ló ń lọ, a sì ń kó èso lọ sọ́jà. Tí a bá tún dáná sun ewé àti èèpo rẹ̀, kí ló kù fún ilẹ̀? Ẹ jẹ́ kó jẹrà sóko.

Ọ̀rọ̀ ọjà wá ńkọ́? Ní 2024, ìjọba wa ní a ò gbọdọ̀ kó sójà tútù jáde kúrò ní Benin mọ́, kí àwọn ilé iṣẹ́ tó wà ní Glo-Djigbé lè rí i lò. Èrò náà dára: iṣẹ́ á wà fún àwọn ọmọ wa. Ṣùgbọ́n bí àwọn tó ń rà bá ti dín kù, àwọn ni yóò máa dá iye lé ọjà wa. Ẹni tí iṣu wà nínú abà rẹ̀ lè dúró de iye tó dára. Ẹni tí ebi ń pa ò lè dúró.

Ohun tí mo sọ fún àbúrò mi nìyí: pín oko sí mẹ́ta. Iṣu lórí ilẹ̀ tuntun, àgbàdo lórí ilẹ̀ tí iṣu kúrò, sójà lórí ilẹ̀ tí àgbàdo kúrò. Lọ́dún tó ń bọ̀, kí àgbàdo padà sórí ilẹ̀ sójà. Sójà ò dà bí kájú, tó ti gba ilẹ̀ púpọ̀ ní Bantẹ̀, tí kò sì ní kúrò níbẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún. Bí iye sójà bá já, o lè dín in kù lọ́dún kejì. Sì fi àpò kan sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ. Ọjọ́ ọjà kì í kọjá kí wàrà sójà má tà ní Gúkà, òfin kankan ò sì de ìyẹn.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Àbúrò mi ò tíì dá mi lóhùn. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbin sójà fún ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, kí lẹ rí? Ẹ kọ ọ́ síbí, màá kà á fún un.